Sweet Home Alabama lórí box gìtá: kí ló dé tí mo fi ń pẹ́ dé orí G?

Ọmọ_Ìgbómìnà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Tanke ni mo wà níbí ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọmọ Ọmù-Àrán ni mí. Bàbá mi máa fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà lóṣù kìíní tó ń bọ̀ yìí, a sì máa ṣe ìnáwó fún wọn nílé. Kò sí orin òyìnbó tí wọ́n fẹ́ràn tó Sweet Home Alabama ti ẹgbẹ́ olórin rock Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Lynyrd Skynyrd yẹn, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò báyìí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ pa lọ́lọ́ ni, torí náà mo fẹ́ ta á fún wọn lọ́jọ́ náà, kí n sì kọ ọ́ lẹ́nu, wọn ò tíì mọ̀ o.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú un dání. Gbogbo èèyàn tí mo wò lórí YouTube ló ń sọ pé kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ni, D, C, G, ó parí. Mo mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, àwọn náà la fi ń kọ ọ̀pọ̀ orin ìyìn wa. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i tí mo ní kí n máa tẹ̀lé e, kí n tó dé orí G àwọn ti kúrò níbẹ̀, tí mo bá tiẹ̀ sáré bá wọn pàápàá kì í dún bí orin yẹn, orin ìyìn ló máa ń dún bí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ìkejì, gìtá tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ju ẹyọ kan lọ, èmi sì rèé, box gìtá kan ṣoṣo, kò sí amp. Èwo ni kí n mú nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ta yẹn? Ìkẹta, àbúrò mi tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sọ pé key D ni orin náà wà, pé D ni ilé ẹ̀, choirmaster wa ní rárá, G ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n padà lọ wo YouTube o, ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Rhythm:

Àbúrò, o kú akitiyan. Bàbá á gbádùn ẹ̀ láṣẹ Ọlọ́run.

Ọwọ́ ẹ ti mọ kọ́ọ̀dù, kíkà ló kù. Ọ̀pọ̀ orin ìyìn wa, kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló máa ń gba bíìtì mẹ́rin, ìyẹn sì ti mọ́ ẹ lára. Nínú orin yìí D gba méjì, C gba méjì, G wá gba mẹ́rin. D pẹ̀lú C jọ ń gbé yàrá kan ni, G nìkan ló ń gbé yàrá tiẹ̀. Tó o bá fún D àti C ní mẹ́rin mẹ́rin bó o ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tó o tiẹ̀ kàn fa C gùn díẹ̀, dandan ni kó o pẹ́ dé orí G. Gbé gìtá sílẹ̀ ná. Gbé orin yẹn sí i, máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, kó o sì máa sọ ọ́ lẹ́nu: D, èjì, C, èjì, G, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nídìí ìdáná, máa sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́ tó o bá ń bọ̀ láti ọjà, títí tí kò fi ní gba ìrònú mọ́. Ìgbà yẹn ni kó o tó mú gìtá.

Ohun tó jẹ́ kó máa dún bí orin ìyìn ni pé gbogbo okùn lò ń gbá pa pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn kì í ṣe gbígbá, ṣíṣà ni wọ́n ń ṣa okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ohun tí mò ń sọ lè yé wa, okùn kìíní ni èyí tó tín-ín-rín jù, okùn kẹfà ni èyí tó nípọn jù, fret sì ni àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá. Tó o bá wà lórí D, ta okùn kẹrin lẹ́ẹ̀mejì láìtẹ̀ ẹ́, kó o wá ta okùn kejì ní fret kẹta, kó o bọ́ sórí okùn kẹta ní fret kejì. Tó o bá dé C, okùn karùn-ún ní fret kẹta ni wàá ta lẹ́ẹ̀mejì, kó o tún padà sí okùn kejì ní fret kẹta yẹn náà, kó o wá ta okùn kẹta láìtẹ̀ ẹ́. Tó o bá dé G, okùn kẹfà ní fret kẹta lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà àwọn méjì tòkè yẹn bíi ti C. Àyè tó ṣẹ́ kù lórí G, torí bíìtì mẹ́rin ló ní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi hammer-on, ìyẹn kí ìka kàn gbá okùn mọ́ fret láìtún un ta, ṣe ẹ̀ṣọ́ sí i. Má dá ara ẹ láàmú lórí ìyẹn báyìí. G tó wọlé lásìkò láìsí ẹ̀ṣọ́ sàn ju G tó ṣe ẹ̀ṣọ́ tó wá pẹ́ dé.

Ṣó o wá rí i pé okùn kejì ní fret kẹta yẹn ò kúrò níbì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Àṣírí orin náà nìyẹn. Ìka òrùka ni kó o fi tẹ̀ ẹ́, má sì gbé e kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. C tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìka òrùka ló máa ń lọ sórí okùn karùn-ún. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀, ìka àárín ni kó o gbé lọ síbẹ̀, kó o fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ okùn kẹrin ní fret kejì. Cadd9 ni orúkọ ẹ̀. Tó o bá dé G, ìka àárín á gòkè lọ sórí okùn kẹfà ní fret kẹta, ìfábẹ̀lá á lọ sórí okùn karùn-ún ní fret kejì, ọmọńdinrín á tẹ okùn kìíní ní fret kẹta, ìka òrùka ò ní mira. Tó o bá ṣe é báyìí, ìka méjì péré ló ń rìn láàárín C sí G, ọmọńdinrín kàn ń balẹ̀ ni, ọwọ́ ò ní máa fò kúrò lórí okùn bí ẹni tó ń wá ibi tó máa bà sí.

Ìyára ẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó nǹkan bíi bíìtì 98 ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ̀rẹ̀ láti 60 lórí metronome inú fóònù, èyí tó máa ń ka bíìtì síni létí. Mo mọ̀ pó o ní kí n má dárúkọ YouTube, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tó o ti lè dín ìyára kù sí 0.75, ohùn ò ní yí padà, ìyára nìkan ló máa dín kù. Lò ó.

Ìyèrú_Strings:

Ẹ̀gbọ́n Rhythm ti sọ ti ọwọ́, mi ò ní fi nǹkan kan kún un. Ti D àbí G yìí ni mo bá wá, ẹ sì mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà.

G ni. Choirmaster yín gbà á. Tó bá jẹ́ D major ni, C sharp ló yẹ ká bá níbẹ̀, kì í ṣe C lásán. Àmọ́ D, C àti G, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ìdílé G. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn mẹ́ta ló kọ orin yẹn, Ed King, Gary Rossington àti Ronnie Van Zant tó jẹ́ olórin wọn. Ed King ló ta solo inú ẹ̀, G ló sì fi sọ́kàn tó fi ta á. Ó tiẹ̀ sọ pé ojú oorun ni solo yẹn ti wá bá òun, tóun jí tóun sì ta á bóun ṣe gbọ́ ọ. Tẹ́ni tó ni orin bá ní G ni, kí la tún fẹ́ máa jiyàn lé lórí?

Ẹ̀gbọ́n_Rhythm:

Ìyèrú mi, mo bọ̀wọ̀ fún Ed King, ṣùgbọ́n etí ló ń sọ ibi tí ilé orin wà, kì í ṣe ìwé. Orí D lorin yẹn ti bẹ̀rẹ̀, orí D ni gbogbo ìlà ẹ̀ ń padà sí, ibẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ti ń balẹ̀ tó wúwo jù. D tó ń lo C lásán dípò C sharp lórúkọ tiẹ̀, D mixolydian ni wọ́n ń pè é. Kíbọ́ọ̀dù àbúrò ẹ̀ ò purọ́.

Ìyèrú_Strings:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì ṣubú o. G ló ń pẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi téèyàn bá sì ti jókòó pẹ́ ni ilé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má fi ìjà tiwa dí ọmọ yìí lọ́wọ́. Àbúrò, nóòtì méje kan náà ni G major àti D mixolydian ń lò: G, A, B, C, D, E, F sharp. Èyí tó o bá gbà nínú méjèèjì, ìka ẹ ò ní yí padà, ohùn tó o máa fi kọ ọ́ náà ò ní yí padà. Tó bá wá jẹ́ pé ohùn Ronnie ò bá tìẹ mu, torí ọkùnrin ni, fi capo, ohun tí wọ́n fi ń há gbogbo okùn pa pọ̀ mọ́ ọrùn gìtá, sórí gìtá, máa gbé e lọ sókè ní fret kọ̀ọ̀kan títí wàá fi débi tó rọ ọ̀fun ẹ lọ́rùn. Kọ́ọ̀dù yẹn náà ni wàá máa tẹ̀. Kàn rántí pé o ò ní lè fi bá rẹ́kọ́ọ̀dù ta mọ́ nígbà tí capo bá wà lórí ẹ̀.

Atúngìtáṣe:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa gìtá fúnra ẹ̀, torí oṣù kìíní lẹ dárúkọ yẹn, ọyẹ́ á ti wọlé. Ọyẹ́ Kwara kì í fi igi ṣeré. Igi box gìtá á gbẹ, ojú àpótí ẹ̀ á wọlẹ̀ díẹ̀, okùn á wá sún mọ́ fret jù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í han. Nígbà òjò, ìdàkejì ẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀, igi á mu omi, á wú, okùn á ga, ìka á máa dunni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó bá gbé gìtá tó ga wá lásìkò òjò pé kí wọ́n má kánjú fi sáńpépà ha saddle ẹ̀, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gùn lé lójú àpótí, wálẹ̀ púpọ̀, torí tí ọyẹ́ bá dé, èyí tí wọ́n ti ha kúrò kò ṣeé dá padà, saddle tuntun ni wọ́n máa rà.

Ohun tó o máa ṣe ni pé kó o máa gbé gìtá sínú àpò ẹ̀ tó o bá ti ta á tán, má gbé e kọ́ ara ògiri tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ sí. Wá àpótí ọṣẹ oníke, lu ihò sí i lára, fi kànrìnkàn oníhò tó o ti rẹ sómi tó o sì ti fún dáadáa sínú ẹ̀, kó o gbé e sínú àpò gìtá náà nítòsí orí ẹ̀. Kí omi má kán o, kí kànrìnkàn náà má sì kan igi. Máa yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá ti gbẹ kó o tún un rẹ.

Ní ti okùn, ọ̀pọ̀ box gìtá máa ń lo .012, ìyẹn bí okùn kìíní ṣe nípọn tó ní ínǹṣì. Tí ìka ẹ bá ń ro ẹ́ tó o bá ń di ìka òrùka yẹn mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, .010 ni kó o ní kí wọ́n bá ẹ fi sí i, á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ẹ̀ á fẹ́lẹ́ díẹ̀. Má pààrọ̀ okùn ní àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó, okùn tuntun ṣì máa ń fà ni, kò ní dúró lórí tune. Pààrọ̀ ẹ̀ ní bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó o máa fi ta. Lọ́jọ́ náà gan-an, tún un tune nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n pè ẹ́, torí òtútù àárọ̀ ọyẹ́ àti oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ ò dọ́gba rárá.

Àwo_Àtijọ́:

Inú mi dùn láti rí ọ̀dọ́ tó ń bèèrè irú orin yìí, mo sì fẹ́ dáhùn ìbéèrè kejì ẹ tí kò sẹ́ni tó tíì dáhùn.

Gìtá mẹ́ta ni ẹgbẹ́ yẹn ní: Gary Rossington, Allen Collins, Ed King. Wo bí wọ́n ṣe ń ta á, wàá rí i pé ó sún mọ́ bí gìtá jùjú ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni bá ti jókòó gbọ́ àwọn gìtá Sunny Ade dáadáa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ta gbogbo ẹ̀ níbẹ̀, oníkálùkù ló ní ìwọ̀nba tiẹ̀ tó ń ta, tí ò ní kúrò lórí ẹ̀, àfìgbà tó o bá gbọ́ wọn pa pọ̀ lorin tó di orin. Àwọn Skynyrd náà kì í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ìwọ tó o dá wà, èyí tí Ẹ̀gbọ́n Rhythm kọ́ ẹ yẹn ni kó o mú, torí òun nìkan ló ní bass àti ohùn òkè pa pọ̀. Fi solo sílẹ̀. Àbúrò ẹ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Pè é wá! Piano Billy Powell wà nínú orin yẹn, pàápàá ní ìparí ẹ̀, ibẹ̀ dùn gan-an, èèyàn kì í sábà kíyè sí i. Jẹ́ kí ó mú ibẹ̀.

Nǹkan tó so orin àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ tiwa ò sì mọ síbẹ̀. Pedal steel, gìtá tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ ta, tó ní pẹ́dàlì lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń ta nínú orin country wọn, Sunny Ade gbé e wọ inú jùjú, Demola Adepoju ló ń ta á fún un. Demola yìí kan náà ló lọ ta á fún Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, nínú àwo Graceland ní 1986. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó bá ń rò pé ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn síra.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó kọ ọ́ lójú àwọn àgbà. 1974 lorin yẹn jáde, inú àwo tí wọ́n pè ní Second Helping ló wà. Ará Alabama kọ́ ni wọ́n o, Jacksonville ní Florida ni wọ́n ti wá, Georgia ni wọ́n sì ti gbà á sílẹ̀. Èsì ni fún Neil Young, ará Kánádà, tó ti kọ orin méjì bá àwọn ará gúúsù wí nítorí ìwà ìkà tí wọ́n hù sí àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹsẹ̀ kan wà nínú ẹ̀ tó mẹ́nu ba gómìnà Alabama. George Wallace ni gómìnà yẹn, òun ló lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì Alabama ní 1963 káwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú má bàa wọlé. Àwọn kan ní yíyìn ni wọ́n ń yìn ín, àwọn kan ní rárá, pé ariwo bú-ù tó tẹ̀ lé e, bíbú ni wọ́n ń bú u. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ náà máa ń ta àsíá Confederate, àsíá àwọn ará gúúsù tó jagun torí kí oko ẹrú má bàa parí, sẹ́yìn ara wọn lórí pèpéle, èyí ò dùn mọ́ mi nínú rí, kò sì lè dùn mọ́ mi nínú láé. Síbẹ̀ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, Merry Clayton àti Clydie King, wà lára àwọn tó gbè é. Merry Clayton sọ ọ́ nígbà tó yá pé òun ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ.

Mi ò ní kó o má kọ ọ́. Gìtá ibẹ̀ ga, bàbá ẹ sì fẹ́ràn ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, máa fo ẹsẹ̀ gómìnà yẹn, máa kọ èyí tó dárúkọ Muscle Shoals, ìlú kan ní Alabama, dípò ẹ̀, torí àwọn olórin ibẹ̀ tí wọ́n ń kì yẹn, àwọn ló ta orin lẹ́yìn Aretha Franklin àti Wilson Pickett, iṣẹ́ tó yẹ ká yìn nìyẹn.

Ọmọ_Ìgbómìnà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí Ẹ̀gbọ́n Rhythm ṣe wí, G ti ń wọlé lásìkò! Ìka òrùka tó dúró síbì kan yẹn ló yà mí lẹ́nu jù, ó ti wá ń dún bí orin náà wàyí, kódà ẹni tá a jọ ń gbélé gbọ́ ọ láti pálọ̀ ó dárúkọ orin náà láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ọmọńdinrín ṣì ń ro mí lórí G, máa ní kí wọ́n bá mi fi .010 sí i. Mo sì ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ó ti gbà láti mú piano yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àwo, mi ò mọ ìkankan nínú ọ̀rọ̀ gómìnà yẹn tẹ́lẹ̀. Máa fo ẹsẹ̀ yẹn. Àwọn àgbà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, tíṣà ìtàn wà lára wọn.

Ìbéèrè kan ló kù. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ò parí, ṣe ni wọ́n kàn ń dín ohùn ẹ̀ kù títí tí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn. Báwo ni kí n ṣe parí ẹ̀?

Ìyèrú_Strings:

Lórí G. Tó o bá ti kọ ègbè tó kẹ́yìn, yí D, C, G náà lẹ́ẹ̀kan sí i láìkọ nǹkan kan lẹ́nu, kí àbúrò ẹ máa fi piano ṣeré lé e, kẹ́ ẹ wá já a lórí bíìtì kìíní G, ìwọ àti òun lẹ́ẹ̀kan náà. Gbá gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níbẹ̀ wàyí. Etí àwọn èèyàn á gbà pé ó ti délé.

Ẹ̀gbọ́n_Rhythm:

Kò ní délé lórí G o. Tó o bá já a lórí G, àwọn èèyàn á ṣì máa retí nǹkan kan. Gba orí G kọjá, padà sórí D, kó o já a níbẹ̀. Èyí tó wù kó o mú, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò, kí ẹ sì wo ara yín lójú ní yíyí tó ṣáájú ìkẹyìn, torí ibi tí orin ti máa ń dà rú nílé ìnáwó nìyẹn, ọ̀kan á ti dúró, èkejì á ṣì máa lọ.

Ọmọ_Ìgbómìnà:

Ẹ máa bínú o, a ti gbìyànjú ẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, èmi àti àbúrò mi, a ta á lọ́nà méjèèjì. Orí D la máa já a sí. Ẹ̀gbọ́n Ìyèrú, ẹ foríjì mí, choirmaster wa náà á gbọ́ ọ níbẹ̀.